Aláàmù Tí Wọ́n Pa Lẹ́nu Mọ́: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Gáàsì CO Nínú Ọkọ̀ Onígbòkun Kan

Ọkọ̀ onígbòkun tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí gùn tó mítà 10. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti kàn án, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi sínú rẹ̀ nígbà náà ló sì ṣì wà níbẹ̀: ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń mu bẹntiróòlù, abẹ́ àtẹ̀gùn tí wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá ló wà. Èèyàn mẹ́rin ló wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà: ọ̀gá ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 15, àti àbúrò ìyàwó tó bá wọn lọ ṣe fàájì. Gbogbo wọn ló yè é. Èmi ni wọ́n pè lẹ́yìn náà pé kí n tú ẹ́ńjìnnì àti páìpù èéfín wò, kí n sì kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀. Wọ́n gbà pé kí ẹlòmíì kà á, bí mi ò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tó kọ sílẹ̀ ni pé ọkọ̀ náà ní aláàmù CO, ìyẹn kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì, gáàsì olóró inú èéfín tí èèyàn ò lè fojú rí, tí kò sì ní òórùn. Kì í tún ṣe ẹyọ kan, méjì ni, àwọn méjèèjì ló sì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan dún lásìkò tó yẹ kó dún. Síbẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú kọjá lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pa ẹ́ńjìnnì.

Ká tó dé ọjọ́ náà, ó ní ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní èbúté. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ọkọ̀ wà ní ìdákọ̀ró, wọ́n so ṣájà mọ́ iná kí bátìrì lè kún mọ́jú. Nígbà tó di òru, aláàmù yàrá ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́, sítóòfù ò jó, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn nítòsí tó tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá ọkọ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n sì sọ òótọ́ fún un: bí iná bá ti pọ̀ jù fún bátìrì olómi ásíìdì, ó máa ń tú gáàsì haidirójìn jáde. Kẹ́míkà tó wà nínú aláàmù CO máa ń mú iná táṣẹ́rẹ́ jáde bí CO bá kàn án, iná yẹn ni aláàmù ń kà; haidirójìn náà lè mú un jáde. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún un tọ̀nà. Ohun tí òun fi àlàyé náà ṣe ni kò tọ̀nà. Kò pààrọ̀ ṣájà, kò yẹ bátìrì wò. Ó kàn gbà pé aláàmù yẹn máa ń dún lásán.

Kò dún lásán o. Haidirójìn tó bá ti tó ìdá mẹ́rin nínú ìdá ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ti lè gbiná, bẹ́ẹ̀ abẹ́ ibùsùn ni bátìrì wọn wà. Ìkìlọ̀ gidi ni aláàmù ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nítorí nǹkan mìíràn ni wọ́n ṣe rà á. Mo ń tẹnu mọ́ eléyìí nítorí pé níbẹ̀ ni wàhálà tó ń bọ̀ ti ta gbòǹgbò: láti òru ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá ọkọ̀ ti ní ìdáhùn kan nílẹ̀ fún aláàmù náà kó tó ké lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́jọ́ ìṣẹ̀lẹ̀, wọ́n gbéra ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀. Òjò ń ṣẹ́ winniwinni. Atẹ́gùn ò lágbára, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló sì ti ń fẹ́. Ìgbòkun ò rí nǹkan kan ṣe, wọ́n bá tan ẹ́ńjìnnì. Nítorí òjò, wọ́n ta tapólì bo ibi ìjókòó ẹ̀yìn tí wọ́n ti ń tukọ̀, wọ́n sì ti fèrèsé òrùlé tó wà níwájú pa. Ìyàwó, tó ti jí láti ìdájí, padà lọ sùn sí yàrá ẹ̀yìn. Pákó kan ṣoṣo ló wà láàárín ibi tó gbé orí lé àti ilé ẹ́ńjìnnì.

Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ yóò ti rí i pé nǹkan ti ń tò lé ara wọn. Nígbà tí atẹ́gùn bá ń ti ẹ̀yìn bọ̀, tí ọkọ̀ náà sì ń sáré bí atẹ́gùn ṣe ń sáré, bí ẹni pé kò sí atẹ́gùn rárá ló rí fún ẹni tó wà nínú rẹ̀. Èéfín tó ń jáde ní ìdí ọkọ̀ ò rí ohun tó máa gbá a lọ, yóò kàn máa rá bàbà níbẹ̀. Tapólì tí wọ́n ta tún sọ ẹ̀yìn ọkọ̀ di ibi kọ́lọ́fín tí afẹ́fẹ́ ti ń yí padà wọlé, tó ń fa èéfín mọ́ra. Àbáwọlé yàrá sì ṣí sílẹ̀ gbayawu lábẹ́ tapólì yẹn.

Àbúrò ìyàwó wà nínú yàrá àárín, ó ń to ẹrù. Nígbà tó fi máa di aago 7:20, orí ti ń fọ́ ọ, inú rẹ̀ ń ru. Ó pè é ní òòyì omi, ó lo oògùn òòyì. Omi pa rọ́rọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀gá ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé ife tíì tí òun gbé kalẹ̀ ò mì. Kò sẹ́ni tó béèrè bí omi tó dákẹ́ tó báyẹn ṣe lè máa kọ́ èèyàn lóòyì. Ara rẹ̀ ń wá afẹ́fẹ́, ó bá tan fáànù kékeré tó máa ń fa ooru ibi ìdáná jáde síta.

Fáànù yẹn ló ba ọ̀ràn jẹ́ jù. Afẹ́fẹ́ tó bá fà jáde, àfi kí òmíràn wọlé rọ́pò rẹ̀. Iwájú ti wà ní títì pa, nítorí náà ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé: láti abẹ́ tapólì, àti láti inú ilé ẹ́ńjìnnì, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ihò mẹ́ta sára pákó láti gba wáyà kọjá tí wọn ò sì dí i.

Aago 7:50 ni aláàmù yàrá ẹ̀yìn ké. Ọ̀gá ọkọ̀ fa ìdarí lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, aláàmù dákẹ́. Ìyàwó rẹ̀ yíra padà, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun sùn. Kò pẹ́ tí aláàmù tún fi ké. Lọ́tẹ̀ yìí, ó yọ ọ́ kúrò lára ògiri, ó gbé e lọ síwájú ọkọ̀, níbi tí tapólì ò dé. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, aláàmù pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, “Mo sọ ọ́, bátìrì ló ń dà á láàmú,” ó sì jù ú sínú àpótí okùn.

Mo bi í léèrè ìdí tó fi rò pé ìdákẹ́ yẹn fi hàn pé kò sí nǹkan kan. Ó ní, bí ewu bá wà lóòótọ́, ṣé kò ní máa ké lọ ni? Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n aláàmù tó ké nínú yàrá tó sì dákẹ́ níbi afẹ́fẹ́ tútù ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé: ó ti sọ ibi tí gáàsì wà àti ibi tí kò sí. Bó bá ṣe pé bátìrì ni lóòótọ́, ó yẹ kó rántí pé ṣájà ò sí lórí iná láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ́ńjìnnì ló ń ṣiṣẹ́. Ohun méjì tó yàtọ̀ gedegbe ni.

Ó tiẹ̀ gbìyànjú láti fi nǹkan mìíràn yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Àna rẹ̀ ń ṣàròyé orí fífọ́, ló bá mú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ jáde nínú àpótí oògùn. Ó fi há a lọ́wọ́. Ó kọ 98. Ọkàn gbogbo wọn balẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ò ní ìtumọ̀ kankan níbi tí CO bá wà. Àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń wò, ẹ̀jẹ̀ tí CO ti gbà sì pọ́n bí èyí tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀. Irú èyí tí wọ́n ń tà fún ìlò ilé ò mọ ìyàtọ̀. CO máa ń so mọ́ hìmóglóbínì, ohun tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú agbára tó lé ní ìlọ́po 200 ti ọ́síjìn. Ẹni tí ara rẹ̀ ò rí ọ́síjìn lò lè máa ka 98 lọ títí yóò fi dákú.

Ọmọbìnrin yẹn ló yọ wọ́n. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́jọ ààbọ̀ lù, ó lọ sí yàrá iwájú láti pààrọ̀ aṣọ tó tutù. Ibẹ̀ ni aláàmù kejì wà, èyí tó ní ojú tí nọ́ńbà ń hàn lára rẹ̀. Kò tíì ké rárá. Ó gbé orí síta, ó ní, “Bàbá mi, ẹ ní èyí tó wà lẹ́yìn ló bàjẹ́, àbí? Èyí tó wà níwájú ń kọ 84. Orí sì ń fọ́ èmi náà.”

Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Bàbá fọwọ́ kan iwájú orí ara rẹ̀, ó rí i pé orí ti ń fọ́ òun náà, òun kàn ń dá oorun tí òun ò sùn tó lẹ́bi ni. Ó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀.

Kí ló dé tí aláàmù tó ti kọ 84 ò ké? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gbàrà tí CO bá ti wọlé ni aláàmù máa ń dún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye gáàsì àti bó ṣe pẹ́ tó ni wọ́n jọ fi ń ṣírò, torí pé èyí tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe èèyàn léṣe. Ppm ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn iye ìdá CO tó wà nínú mílíọ̀nù kan ìdá afẹ́fẹ́. Lábẹ́ EN 50291, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù, bí CO bá wà ní 30 ppm, aláàmù ò gbọdọ̀ dún kí wákàtí méjì tó pé. Ní 50 ppm, ó gbọ́dọ̀ dún láàárín ìṣẹ́jú 60 sí 90. Ní 100 ppm, láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 40. Bó bá dé 300 ppm, kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. UL 2034 ti Amẹ́ríkà tún ní sùúrù ju bẹ́ẹ̀ lọ: 70 ppm lè wà nínú yàrá fún wákàtí kan sí mẹ́rin kí aláàmù tó ké. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan sínú ọkọ̀ pé kó ra èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn. Ọmọ yẹn ò dúró de igbe. Ojú rẹ̀ ló fi kà á.

Bí wọ́n ṣe bọ́ nínú rẹ̀ nìyí. Àbúrò ìyàwó àti ọ̀gá ọkọ̀ wọ yàrá ẹ̀yìn. Obìnrin náà lajú nígbà tí wọ́n jí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò jọra wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì gbà á. Wọ́n fà á gòkè àtẹ̀gùn. Ewu ńlá ni èyí, nítorí ẹni méjì tí ara wọn ò dá ló lọ gbé ẹni kẹta níbi tí gáàsì pọ̀ sí jù. Bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì wó lulẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ ti tú tapólì, ó ti gba orí òrùlé lọ ṣí fèrèsé iwájú. Gbogbo wọn wọ ẹ̀wù àmúléfòó, wọ́n kó ara wọn lọ sí iwájú ọkọ̀ pátápátá, wọ́n dúró nínú òjò. Lórí ilẹ̀, wọ́n á ní kó o sá jáde síta bí aláàmù bá ké. Nínú ọkọ̀ onígbòkun, ẹnu ọ̀nà tó o máa gbà jáde lè jẹ́ ibi tí èéfín gan-an ń gbà wọlé, nítorí náà iwájú ni ìta.

Wọ́n fi rédíò ọwọ́ ké Pan-Pan, ìpè kánjúkánjú àwọn tó wà lójú omi, lórí ìkànnì 16. Ọkọ̀ agbẹ̀mílà dé, wọ́n fi ìbòmú fún gbogbo wọn ní ọ́síjìn, wọ́n sì gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wá CO ní tààrà. Ti ìyàwó ló ga jù, ti ọ̀gá ọkọ̀ tó wà ní ìdí ìdarí ló kéré jù. Bí èèyàn bá kàn jókòó síbi afẹ́fẹ́ tútù, ó máa ń tó wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà kí ìdajì CO inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó jáde. Ọ́síjìn gidi láti ìbòmú máa ń mú un wálẹ̀ sí nǹkan bíi wákàtí kan sí kan ààbọ̀. Dọ́kítà kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n máa ṣọ́ obìnrin náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i, torí pé ìgbàgbé, ìbínú òjijì tàbí àìlèrìn dáadáa lè yọjú lẹ́yìn tí ara ti dá. Kò yọjú.

Nígbà tí mo dé ìdí ẹ́ńjìnnì, ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni èédú dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fà bí ìlà sára pákó, ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Mo tẹ̀ lé ìlà náà lọ síbi tí họ́ọ̀sì rọ́bà ti pàdé ìgbọ̀nwọ́ irin, níbi tí omi òkun ti ń dà pọ̀ mọ́ èéfín kó lè tutù. Kílíìpù kan ṣoṣo ló dè é, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ débi pé mo fi ìka yí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kò sóhun tó hàn. Mo po ọṣẹ mọ́ omi, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún yí ojú ìso náà po, mo ní kí ẹnì kan fi aṣọ nípọn dí ẹnu páìpù èéfín díẹ̀ láti ìta. Ìfófòó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Àrùn rẹ̀ nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tí kò ní ohun tó ń fọ èéfín lè tú èéfín tí CO inú rẹ̀ ju 10,000 ppm lọ jáde, nítorí náà kò dìgbà tí ojú ìso bá ya gbàgà kó tó di ewu.

Lẹ́yìn èyí mo pa ẹ́ńjìnnì, mo ti gbogbo fèrèsé, mo tan fáànù ibi ìdáná, mo sì mú igi tùràrí tó ń rú èéfín sún mọ́ ihò wáyà náà láti ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ́ńjìnnì. Èéfín rẹ̀ tẹ̀ gbọọrọ, ó wọnú ihò lọ sínú yàrá. Mo pa fáànù, ó padà nàró. Ọ̀gá ọkọ̀ dúró tì mí, ó wò ó, kò sọ̀rọ̀.

Aláàmù inú àpótí okùn ṣì ní nọ́ńbà tó ga jù lọ ní ìpamọ́: 212. Mo wo ẹ̀yìn àwọn méjèèjì. Ọjọ́ tí kẹ́míkà inú wọn máa kú ò tíì pé. Ibi tí wọ́n kàn wọ́n mọ́ náà dára, ní ìwọ̀n ibi tí orí ẹni tó sùn máa ń wà. CO ò wúwo bíi gáàsì ìdáná tó máa ń rọ̀ sílẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá afẹ́fẹ́ dọ́gba, á dà pọ̀ mọ́ ọn ká gbogbo yàrá. Ohun kan péré ni mo bù kù: aláàmù ilé ni wọ́n, wọ́n ṣe é lábẹ́ EN 50291-1. Ti ọkọ̀, EN 50291-2, ni wọ́n dán wò fún gbígbọ̀n àti ìyípadà ojú ọjọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè di ẹ̀bi ọjọ́ yẹn ru irú aláàmù tí wọ́n rà.

Wọ́n tún lóríire pé aláàmù wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2013, ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ kú nínú ọkọ̀ Arniston lórí adágún Windermere nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. MAIB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ojú omi níbẹ̀, rí i pé jẹnẹrétọ̀ alágbèérìn kan tí wọ́n gbé sínú ilé ẹ́ńjìnnì ló fà á, páìpù èéfín àtọwọ́dá tí wọ́n so mọ́ ọn ti yọ. Ọ̀ràn kan náà ni pẹ̀lú tiwa: ojú ìso kan. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2019 ni Boat Safety Scheme, ètò tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ ojú omi, ti sọ aláàmù CO di dandan fún àwọn ọkọ̀ oníyàrá tó wà lábẹ́ ìlànà rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ti àtúnṣe, a pààrọ̀ ìgbọ̀nwọ́ irin àti họ́ọ̀sì, a fi kílíìpù alágbára méjì de ojú ìso kọ̀ọ̀kan, a dí ihò wáyà. Ṣájà tuntun wọlé, bátìrì tuntun sì wọlé, nítorí pé bí haidirójìn bá tún mú kí aláàmù ké lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀rọ̀ á tún padà síbi tó wà. Aláàmù mẹ́ta ló wà báyìí, ọ̀kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ń fi nọ́ńbà hàn. Àdéhùn wọn ni pé bí ọ̀kan bá ké, kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì ni ọwọ́ máa kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe bọ́tìnnì aláàmù. Ọmọ ọdún 15 yẹn náà láṣẹ láti pa á láì béèrè.

A gbé ọkọ̀ jáde lọ dán wò. Inú yàrá mọ́, òdo ni gbogbo nọ́ńbà, fáànù títàn tàbí pípa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ta tapólì tí a sì kẹ̀yìn sí atẹ́gùn, aláàmù tí mo gbé dání níbi ìjókòó ẹ̀yìn gòkè dé 25, láìsí ojú ìso kankan tó ń jò. A yí ọkọ̀ dojú kọ atẹ́gùn, ó padà sí òdo. Nítorí náà, wọ́n fi kún àdéhùn wọn pé tapólì àti ẹ́ńjìnnì ò gbọdọ̀ jọ wà bí atẹ́gùn bá ti ẹ̀yìn wá. Ẹni tí òjò bá ń pa, kó wọ aṣọ òjò. Ọ̀gá ọkọ̀ ń rò ó bóyá kóun pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì sí ti dísẹ́ẹ̀lì. Mo sọ fún un pé CO ti dísẹ́ẹ̀lì kéré púpọ̀ sí ti bẹntiróòlù, pé kò sì pa rẹ́ tán, àti pé aláàmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní kúrò níbi tí wọ́n wà èyíkéyìí tó bá mú.